Àmì Ohùn Tí Mo Fi Sórí Ńlá

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà. Ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ pàápàá ṣì ń sọ pé mo bù mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ní ṣọ́ọ̀bù iṣu àti gàrí kan ní Hamburg. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, mo yọ bírò lápò, mo fi àmì ohùn tó sọnù sára pátákó ìta wọn lójú gbogbo àlejò. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Ní Sátidé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gesundbrunnen, ní ìlú tí à ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àmì, ara mi kì í gbà á. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí bá pe ìyàwó mi, tí mo bá gbé fóònù, wọ́n á ní, "Ṣé kò séèyàn nílé ni?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹ wá nǹkan gbé lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ti sú mi láti máa nìkan lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sì mú gírámà dání o."

Nígbà yẹn, mò ń kọ́ bí àwọn ará Japan ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ̀wé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní Moabit. Òfin wọn kan ṣoṣo ni pé ìlà tí o bá ti fà, o ti fà á nìyẹn. A kì í padà lọ tún un ṣe. Wọ́n kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni tó ya ẹsẹ̀, tó na apá méjèèjì. Ńlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Dai" ni wọ́n ń pè é. Ní etí tèmi, ohùn ìsàlẹ̀ ni.

Mo ní èyí gan-an ló yẹ Àǹtí. Nílé wa ní Märkisches Viertel, mo kọ ọ́ sórí bébà funfun. Ó dára. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò ó, ìhòòhò ló wà. Mo tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà, mo fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan sí i lókè, lápá ọ̀tún. Ara tù mí.

Nígbà tí a dé Hamburg, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn àpò gàrí. Àǹtí wo bébà náà títí.

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ńlá, mà. Ẹ̀yin ni."

"Èmi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dìde jàre. Gàrí ti kó sí ẹ láṣọ."

Wọ́n gbé e kọ́ sókè ibi tí wọ́n ti ń gbowó.

Kò pẹ́ ni obìnrin ará Japan kan tó máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ wọn wọlé. Ó wo bébà, ó wo Àǹtí, ó tẹrí ba, ó sì fi èdè Jámánì béèrè pé ṣé wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá ni.

"Ajá kẹ̀?"

Obìnrin náà nàka sí àmì mi. Ó ní láìsí èyí, ńlá ni. Pẹ̀lú èyí, Hund.

Àǹtí yíjú sí mi. "Ajá. Èmi."

"Àmì ohùn ni, mà."

Ìyàwó mi fọwọ́ bojú.

"Pa á rẹ́."

"A kì í tún un ṣe, mà. Òfin ni."

Kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé Àǹtí, ìyàwó mi lọ sùn sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n fi yàrá kékeré ẹ̀yìn hàn mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn. Bébà náà wà lára ilẹ̀kùn mi, níta, wọ́n lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dáadáa. Ògì àti àkàrà mi wà nílẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, nínú abọ́ kan.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo ké.

"O ti jí?" Àǹtí dáhùn láti ilé ìdáná. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wọn. "Jẹun kó tó tutù."

Mo jókòó, mo ń jẹun, mo ń wo bébà náà. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó yẹ kí n tún ṣe.