Ọwọ́ Òsì Tirẹ̀, Ọwọ́ Ọ̀tún Tèmi

Ọkọ mi ló mú ará Bràsíl náà wọ ilé wa. Kì í ṣe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ o, ó ti kú tipẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwo orin rẹ̀ ni. Ọ̀gá ọkọ mi kan tó ń kó ẹrù padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ lèmi àti ọkọ mi ti jọ ṣiṣẹ́, òun nídìí àwòrán ilé yíyà, èmi nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí a rí fúláàtì gbà ní Festac, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo yẹn gun àtẹ̀gùn, kò jẹ́ kí àwọn alábàárù fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yìn páálí àwo náà ni wọ́n kọ ìtàn olórin náà sí, ọkọ mi sì ti kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Aránṣọ ni ìyá tó bí i, ní ìlú kékeré kan tó jìnnà sí òkun. Okùn mẹ́rin péré ló kù lára gìtá tó fi bẹ̀rẹ̀, dípò mẹ́fà, mẹ́rin yẹn náà ló sì ń fà títí ó fi gbọ́ ohun tó wà nínú wọn. Nígbà tó dàgbà, ó di akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Láàárọ̀ á máa lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà, nírọ̀lẹ́ á máa ṣẹ̀dá orin. Àwo kan ṣoṣo ló ṣe láyé. Àwọn tó kọ́ gìtá lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fọwọ́ da orin rẹ̀ kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n gbé e kiri, tó fi di pé àwọn tí kò mọ ilẹ̀ Bràsíl rí ń fi gìtá ta á.

"Òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tiwa ni," ni ọkọ mi máa ń sọ. "Ìdí fáìlì náà lòun náà jókòó sí."

Ọ̀kan nínú àwọn orin náà lọkọ mi fi etí kọ́. Á gbọ́ ìwọ̀nba díẹ̀, á gbé abẹ́rẹ́ àwo sókè, á dán an wò lórí gìtá rẹ̀, á tún dá abẹ́rẹ́ padà. Ọdún gorí ọdún kó tó mọ̀ ọ́n. Orin jẹ́jẹ́ ni, ó dà bí ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ tó wá ń rìn bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọ̀sán Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a jẹun tán, á jókòó sí bálíkónì á máa ta á. Èmi a máa ṣa ẹ̀wà nílé ìdáná, n ò sì kà á sí nǹkan kan.

Kò tíì pé ọdún kan tó fẹ̀yìn tì tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú. Àárọ̀ Sátidé ni. Mo gbọ́ tí bákẹ́ẹ̀tì ṣubú nínú balùwẹ̀, mo sáré lọ, mo bá a nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹ̀mí ò lọ. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá na ẹsẹ̀ àti ọwọ́ fún un gbìyànjú títí ó fi ń fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò dáhùn. Á kàn wà lórí itan rẹ̀ bíi nǹkan tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

"Gbé gìtá yẹn kúrò lójú mi," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan.

Mo gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. A ò gbọ́ orin kankan nínú ilé wa mọ́ fún bí ọdún méjì.

Àlàájì kan ń gbé nísàlẹ̀ wa, ará Ìwó tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bísíkíìtì lọ́jà Agboju. Ó dá mi dúró nídìí àtẹ̀gùn lọ́sàn-án Sunday kan.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. A ò gbọ́ gìtá Dádì mọ́."

"Ọwọ́ ni, Àlàájì. Ọwọ́ ò gbé e mọ́."

Ó mi orí. "Tí mo bá ti ọjà dé lọ́jọ́ Sunday, ìdí fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa gbọ́ wọn. Mi ò sọ fún wọn rí. Ó yẹ kí n ti sọ."

Mo gòkè, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bó ṣe rí gan-an. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí a jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, ó ní, "Gbé e wá. Kí n kàn wò ó ni."

Mo gbé e wá. Bí mo ṣe ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀, ìka mi kan okùn kan, ó dún.

"Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Fún un díẹ̀ kó le. Ó tún kù. Ó tó!"

Bí mo ṣe fún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn, ó ń gbọ́, ó ń darí mi. Nígbà tí a ṣe tán, mo rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ nà lọ sí ọrùn gìtá, tí ìka mẹ́ta tẹ okùn mọ́lẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ta á," ó wí.

Mo fi àtàǹpàkò fa okùn náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn tó jáde kún yàrá.

Àtọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ta orin ará Bràsíl náà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, èmi ní ọ̀tún, òun ní òsì, gìtá dábùú itan wa. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Òun ló ń tẹ okùn, èmi ni mò ń ta á. Àwọn ìka tí mo fi tẹ lẹ́tà fún ìjọba kò le, wọ́n yára kọ́ ọ ju bí mo ṣe rò lọ. Àkókò ni wàhálà.

"Dúró dè mí!" á pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sáré!"

"Àbí o ò létí ni?"

Lọ́jọ́ tó sọ ìyẹn, mo gbé gìtá lé e lẹ́sẹ̀, mo jáde. Mo rìn dé òpin ábẹ́níù wa, mo ra ẹ̀pà, mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Nígbà tí mo padà dé, ibi tí mo fi í sí náà ló wà.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí," ó wí. "Ọwọ́ mi ni."

"Ọwọ́ yín ti gbọ́," mo dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Nígbà tó yá, mo wá mọ̀ pé ó máa ń fa èémí díẹ̀ kó tó ṣí ìka rẹ̀ nípò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí èémí yẹn. Láti ìgbà náà, a bára mu.

Ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú ìjọ wa la ti kọ́kọ́ ta orin náà níwájú èèyàn. Àlàájì bá wa wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi fi ọ̀pá tilẹ̀ ó dìde. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí àlejò gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wúwo lẹ́nu òun, òun ló dúró, tó rọra sọ ìtàn akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tí a wá ń ta orin náà, mo ṣì okùn láàárín, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì.

"Padà síbi tá a ti ṣẹ́rí," ọkọ mi wí fáfá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, a padà síbẹ̀, a sì ta á parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì mú tíṣà àgbà kan wá láti apá Mile 2. Rọpárọsẹ̀ náà ló ṣe òun náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló mú lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le koko. Ọkọ mi wo ọwọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Jọ̀ọ́, dìde. Jẹ́ kí wọ́n jókòó."

Mo dìde. Mo fi ibi tí àtàǹpàkò ń wà han tíṣà. Kò tíì fọwọ́ kan gìtá rí láyé rẹ̀.

Gbogbo Thursday ló ń wá báyìí. Wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí àkókò ju bí èmi àti ọkọ mi ṣe jà lọ, nítorí tíṣà kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè bá òun wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi ké sí mi pé kí n wá gbọ́. Mo gbé àga, mo jókòó kọjú sí wọn. Mo gbọ́ tí ọkọ mi fa èémí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.