Owó Oníhò Tí Jonah Fi Eérú Fọ̀

Ọgbọ̀n náírà ni Jonah Ọmọ́tọ́ṣọ́, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Òsì, jẹ Oyèdìran, ọ̀gá ilé-ìwé. Owó ìdánwò àṣejáde Fúnmilọ́lá, ọmọ Jonah, ni ọ̀gá bá a san lọ́dún 1980. Nígbà tí iṣu oko rẹ̀ tà, Jonah kó owó náà lọ, ó pé géérégé. Ọ̀gá kọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ fi ra ìwé fún ọmọ yín.”

Ẹni tó bá mọ Jonah mọ̀ pé kì í gbé gbèsè sùn. Bí ọ̀gá kò bá gba owó, yóò gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fún ẹni tó ti ní bàtà, tó ti ní aago? Gbogbo Òsì ló mọ̀ pé owó àtijọ́ àti sítáǹbù ni ọ̀gá ń kó jọ, tó ń tò sínú ìwé ńlá bí ẹni to iṣu sínú ọgbà.

Jonah rántí agolo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Obbo-Ilé kó tó kú. Ó wọ ọkọ̀ lọ, náírà kan àbọ̀ ni àlọ àti àbọ̀. Owó àtijọ́ mẹ́tàdínlógún ló bá nínú rẹ̀: ónínì oníhò, tọ́rọ́, ṣílè, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kẹ̀kẹ́ kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù Jonah láìdán. Ṣé ẹ̀bùn ló wá fẹ́ jáde bẹ́ẹ̀? Ó po eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi sáńpépà tẹ̀lé e.

Keziah, ìyàwó rẹ̀, dúró tì í. “Bàbá Fúnmi, orí ọba tó wà lára ṣílè ti fẹ́ parẹ́ o.”

“Ẹ̀gbin la ó wá gbé fún ọ̀gá ni?”

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, kẹ̀kẹ́ oníbàárà mẹ́ta wà nílẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó bá ọ̀gá nílé pẹ̀lú Àlàbá, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, tí òun náà ń kó sítáǹbù jọ. Jonah tú aṣọ tó fi di owó náà, owó ń kọ mànà. Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Àlàbá ló béèrè. “Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni o! Ọjọ́ méjì gbáko.”

Àlàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà mí! Ẹ bó arúgbó láwọ, ẹ ní ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́! Dúdú yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ní Ìlọrin ì bá fi ogójì náírà gbà á. Ní báyìí, kò lè ra búrẹ́dì.”

“Àlàbá, ó tó.” Ọ̀gá kọjú sí Jonah. “Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Kò sí gbèsè mọ́.”

Jonah ń wá ibi tí yóò fi ojú sí. Ogójì! Ì bá san ọgbọ̀n, kó tún ku mẹ́wàá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ha á dànù.

Ó tún kó ọgbọ̀n náírà lọ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá kò gbà á. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ọ̀gá to owó dídán náà sí, bí àlejò bá sì dé, a ní, “Jonah ló fún mi.” Àwọn àlejò tó mọ̀ nípa rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín sínú. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni Jonah ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà kọjá níwájú ilé ọ̀gá. Ọgbọ̀n náírà náà wà nínú agolo ìyá rẹ̀, kò ná an, kò sì rí ẹni gbà á.