A Ò Ní Sọ Kámpà Kalẹ̀

Lánàá, òórùn taya tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Austell, ní Amẹ́ríkà. Mọ́mì wa truck wa wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ru kámpà sẹ́yìn, yàrá kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, tó ń ta sánsán ata díndín. Ọkọ̀ náà ń fà sọ́tùn-ún, ó fẹ́ alignment, kí wọ́n tún taya rẹ̀ tò kó lè máa lọ tààrà.

"Aunty, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ kámpà yìí kalẹ̀," ni Uncle mẹkáníìkì wí.

Mọ́mì ò mira. "A ò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Bó ṣe ń rù ú rìn lójoojúmọ́ nìyí. Bó ṣe rù ú náà ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe é."

"Ṣé vacation lẹ̀ ń lọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Èmi ni mo yára dáhùn. Ohun tí Mọ́mì ní kí n máa sọ nìyẹn bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi sì ń dùn, torí school ti wọlé, vacation tiwa ò tíì tán. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kámpà yẹn gan-an nilé wa.

Uncle mi orí, wọ́n sì wa gbogbo ẹ̀ gun orí ẹ̀rọ, ìkòkò wa ń ró gbàùgbàù.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, tá a dé títì, Mọ́mì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí steering. Truck náà ń lọ tààrà.

"Ta ló sọ pé a ò mọ ibi tá à ń lọ?" ni Mọ́mì wí.