Ọdún Tí Ẹ̀yìn Wa Kò Kan Ilẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá oòrùn àti oṣù, tó jẹ́ kí n dàgbà títí eyín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu mi. Mo dúpẹ́ ọmọ, mo dúpẹ́ oúnjẹ, mo dúpẹ́ pé ojú mi ṣì ń ríran. Ọ̀rọ̀ ojú yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ọmọ-ọmọ mi sáré lọ sí etí ọ̀sà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́ láti wo oṣù ọdún. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe wọn: "Ó ti lé o! Mo rí i! Mo rí i!" Gbogbo agbo ilé hó yèè. Èmi jókòó sórí ẹní mi, n kò lè dìde. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí igbe yẹn ti ń gún mi bí ẹ̀gún.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ogun lé àwọn bàbá wa kúrò ní Èkó, tí wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn onílẹ̀ gbà wá, wọ́n fún wa níbi tí a kọ́lé sí. Síbẹ̀, bí àwa ọmọdé bá jà sí omi tàbí sí èso igi, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń sọ sí wa: "Ọmọ àtìpó! Ilé yín dà?" Kò sí èsì kankan fún un.

Ìjàkadì la fi wá èsì. Bí a bá ti ka kéwú tán, tí a fọ wàláà, tí a pọnmi kún àmù Àlùfáà, ó di etí ọ̀sà. Àwa méje ni à ń jà fún ilé kéwú wa. Sánní ọ̀rẹ́ mi ni olórí wa, ọmọ kúkúrú kan tí itan rẹ̀ dà bí odó. Àlùfáà máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti gbóná, tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ kì í yí mọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti pé mẹ́tàdínlógún. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, kò sí ilé kéwú tó borí wa. A lọ sí Èjìrìn, a dá wọn. A lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, àwọn ọmọ apẹja ibẹ̀ fi epo para títí wọ́n fi ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Sánní bu iyẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ má dààmú, èmi náà ti pa ẹja rí." A dá wọn. Nígbà tí a bá ń bọ̀, àwọn tó ń pè wá ní àtìpó ló ń bá wa fa ọkọ̀ wá sí èbúté. Ó wá ku Ìkòròdú nìkan. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí a bá borí Ìkòròdú, a ti di ọmọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn.

A ti dá ìjà náà sí ọjọ́ ọjà kan, a rò pé ààwẹ̀ yóò ti tán. Nígbà tí a kà á dáadáa, ọjọ́ náà bọ́ sí ọgbọ̀njọ́ oṣù Ràmàdánì. Bí oṣù tuntun kò bá lé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, inú ààwẹ̀ la ó wà. Ibà sì ti bá mi jà nínú ààwẹ̀ náà, agbára mi kò sì tíì padà.

Àwọn ará Ìkòròdú dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹni tí èmi yóò bá jà ń jẹ́ Múmúnì, ọmọ gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ tó fi ń bá Àlùfáà wa bu omi àlùwàlá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wa dúró sí etí ọ̀sà. Ọyẹ́ kò tíì lọ, ojú ọ̀run sì rí bí omi tí a fi fọ wàláà. A wò títí, a kò rí nǹkan kan. Sánní fà mí sẹ́yìn.

"Ṣé o lè jà lọ́la pẹ̀lú ebi?"

"N kò lè jà."

"Rí oṣù nígbà náà."

Kí n tó mí, ó ti figbe ta: "Ó lé o! Òun nìyẹn!"

Àlùfáà ní, "Ẹnì kan kò tó. Ta ló tún rí i?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Mo rí i, Àlùfáà. Wọ́láì, mo rí i."

Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe túnu. Ní ọjọ́ kejì, a kírun ọdún, mo sì jẹ ìkọ́kọ́rẹ́ àwo méjì pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Àwọn ará Ìkòròdú náà jẹun, àfi Múmúnì. Àlùfáà tiwọn ti kìlọ̀ fún un nílé pé bí ojú ara rẹ̀ kò bá rí oṣù, kó gba ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n. N kò ro ìyẹn mọ́ ọn nígbà tí mo búra.

A borí ìjà mẹ́ta, wọ́n borí mẹ́ta. Ó ku èmi àti Múmúnì. Pẹ̀lú ebi náà, ó lágbára jù mí lọ. Ó ti gbé mi dé ibi tí n ó ti ṣubú, ni ó bá bi mí léèrè sétí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

"Ọ̀rẹ́, ṣé o rí i lóòótọ́?"

"Wọ́láì, mo rí i."

Apá rẹ̀ rọ. Mo dá a lulẹ̀. Bó ṣe dìde, ó béèrè omi, ó sì mu ún kíákíá, bí ẹni tó ń sá fún ẹ̀ṣẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Àwọn èrò gbé mi sórí ejìká, wọ́n ń kígbe, "Ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ọmọ Ẹ̀pẹ́!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni oṣù yọ, tín-ínrín bí irun orí, oṣù ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Àlùfáà wò ó pẹ́, ó sì yíjú wò mí. Kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò tún fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe ti ìsọmọlórúkọ.

Ní ọdún kejì, ogun ká Ìkòròdú mọ́. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo wá ilé Múmúnì lọ láti tọrọ àforíjì. Mo ti gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ fún Ọlọ́run láti fi san ọjọ́ ààwẹ̀ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ ènìyàn, ọwọ́ ẹni náà ni àforíjì rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá. Ọmọ rẹ̀ ti kú sójú ogun.

"Ìwọ lọmọ Ẹ̀pẹ́ tó rí oṣù yẹn?" ni ó wí. "A sọ fún un pé oṣù kò tíì lé lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó fi Ọlọ́run búra fún òun kò lè purọ́. Títí tó fi jáde lọ sógun ló ń tọrọ àforíjì pé òun gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Ó bu omi fún mi. Mo mu ún. N kò lè sọ fún un.

Sánní padà sí Èkó, ó sì kú síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè wá ní àtìpó mọ́. A ti fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ti fẹ́ tiwa. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í jàkadì, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Wọ́n ṣì ń sọ fún ara wọn pé bàbá àwọn kò ṣubú rí.

Lánàá, èyí tó kéré jù nínú wọn fà mí dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ wò ó! Ṣé ẹ rí i?" Oṣù wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere. Mo rí i. Ẹnu mi kò gbà á wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ìlú tí ẹ ó máa pè ní tiyín. Kí ó má sì jẹ́ kí ahọ́n yín rí ohun tí ojú yín kò rí. Àmín.