Omi Ìdí Igi Fúrúùtù

Ẹ wá jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ ní ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyà ni, ọ̀rọ̀ omi ni, ilé ọkọ mi ló sì ti ṣẹlẹ̀. N kò ní sáré sọ ọ́. Ibi tó bá ti dùn mí, n ó dúró, n ó mí kanlẹ̀.

Ọmọ Olówógbowó ni mí. Àwọn bàbá ńlá mi wà lára àwọn tó ti Sàró padà wálé. Ilé wa súnmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì débi pé bí agogo bá ń lù, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo máa lọ́kọ, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo lọ, lẹ́yìn Ìga Ìdúngánràn, sí agbo ilé àwọn mùsùlùmí. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. L'Ékòó tiwa, abọ́ kan náà la fi ń gbé ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì fúnra wa. Ọkọ mi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, a sì jọ ń jẹun ọ̀sán nígbà tí mo bá dé.

Ìgbà tó kú ni ojú ilé yí padà sí mi.

Yàrá méjì la ní nísàlẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí àgbàlá. Ìpín ọkọ mi nínú ilé bàbá wọn ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ló sì ni ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn nígbà náà, èmi ni mo ń bá a ṣọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Alhaja, ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà, ń wá ibi tí yóò máa kó ọjà rẹ̀ sí. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bí mo bá jáde lónìí, ẹrù aṣọ ni yóò wọlé lọ́la, ọmọ mi kò sì ní rí ibi tí yóò nawọ́ sí pé ilé bàbá òun nìyí.

Kò ní kí n jáde o. Ẹni tó bá fẹ́ lé èèyàn kì í fi ẹnu lé e. Yóò kàn máa dín àyè kù fún un ni. Ó kọ́kọ́ to àpótí sí ẹnu ọ̀nà mi, mo wá ń fẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn. Lẹ́yìn náà wáyà iná mi já, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó já a. Lẹ́yìn náà ló fi àgádágodo sí ìdérí kànga.

"Alhaja mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fa omi."

"Omi? Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ? Lọ fa omi l'Ólówógbowó. Ṣebí orí omi lẹ́ ẹ gbà dé Èkó, omi ò lè wọ́n yín."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rín in ká ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bú, torí ẹnu Alhaja dùn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo lọ bá mẹ́ruwà tó ń ti omi kiri lórí ọmọlanke.

Omi yẹn kò ṣeé má ní. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń tọ́jú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọwọ́ wa ni aṣọ funfun tí wọ́n fi ń nu ife wáìnì Oúnjẹ Olúwa ń bọ̀ fún fífọ̀. Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí ìyá mi kọ́ mi, tí ìyá tirẹ̀ náà kọ́ ọ: omi àkọ́kọ́ tí a bá fi ṣan aṣọ náà, a kì í dà á sí gọ́tà. Ilẹ̀ la ń dà á sí, nítorí ohun mímọ́ tó lè kù lára aṣọ. L'Ólówógbowó, a ní ọgbà lẹ́yìnkùlé. N'Ísàlẹ̀ Èkó, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá láti ògiri dé ògiri. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ kò ju ìdí igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga lọ. Ibẹ̀ ni mo ń da omi náà sí lówùúrọ̀ Sátidé, kí ẹsẹ̀ èèyàn tó pọ̀ lágbàlá.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọkàn mi ṣe rí lásìkò yẹn. Mo ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà mi ti di ẹjọ́. Mo ń ro ẹjọ́ Alhaja fún Ọlọ́run bí ẹni pé Ọlọ́run kò sí nílé nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá mi láre, mo tò ó láti orí dé ìdí, mo sì mọ ibi tí n ó ti dúró kí ó lè dùn ún dáadáa. Òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Lọ́jọ́ kan, ara mi kọ̀ ọ́. Mo di aṣọ pẹpẹ, mo gbé e padà lọ fún ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ wa.

"Mà, ẹ gbà á. Ọwọ́ mi ò mọ́ mọ́. Mo kórìíra èèyàn."

Ìyá náà kò gbà á lọ́wọ́ mi. "Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó mọ́ là ń wá, aṣọ yìí ì bá ti bu látijọ́."

"Mà, ohun tí wọ́n ń fojú mi rí…"

"Mo ti gbọ́. Ta ni ò tíì gbọ́? Kí lo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún obìnrin náà?"

Mo tún na aṣọ náà sí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Máa lọ fọ aṣọ rẹ. Bó o bá ti da omi náà sílẹ̀, má yára kúrò. Dúró tì í títí ilẹ̀ á fi mu ún. Kó o dárúkọ obìnrin náà, kó o tọrọ ohun rere kan fún un. Ọ̀kan péré. Bó bá tiẹ̀ korò bí ewúro lẹ́nu rẹ, ṣáà sọ ọ́."

Ohun rere wo? Mo wá a títí. Ohun tí mo rí kò ju orúnkún rẹ̀ lọ, torí ó máa ń dùn ún, mo sì máa ń gbọ́ bó ṣe ń kérora bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ní Sátidé yẹn mo ní, "Olúwa, Alhaja. Orúnkún rẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tutọ́ dànù ni mo sọ ọ́. Sátidé kejì, mo tún sọ ọ́. Bó ṣe ń pẹ́, mo kíyè sí i pé mo ti ń dẹtí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, láti mọ̀ bóyá ó ti ń sàn. Inú bí mi sí ara mi. Ta ló rán mi níṣẹ́ àánú?

Ṣùgbọ́n ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, fèrèsé ibẹ̀ ní ojú. Wọ́n ń wò mí láti òkè. Obìnrin opó kan, ní ìdájí, ó ń da omi sídìí igi, ó dúró tì í, ó ń wí jẹ́jẹ́, orúkọ Alhaja sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí lẹ̀yin náà ì bá rò?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Orúnkún Alhaja yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gèlè ṣì wà lórí mi. Gbogbo ẹbí ti kún àgbàlá, Alhaja jókòó láàárín, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Bàbá nìkan ni kò sí níbẹ̀, olórí ẹbí, àbúrò bàbá ọkọ mi, torí àgbà ti dé sí i, kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè mọ́.

"Ìyàwó," ni Alhaja wí, "ṣé ò ń da omi sídìí igi yìí àbí o ò dà á?"

"Mò ń dà á, mà."

"Omi kí ni?"

"Omi tí mo fi ṣan aṣọ pẹpẹ ni."

"Ẹ gbọ́ o! Gọ́tà tí gbogbo wa ń da omi sí, kò tó ọ dà sí. Ó dáa. Ṣé o dárúkọ mi sí i?"

Bí mo bá ní rárá, irọ́ ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yàrá ọmọ mi ti lọ. Mo wo ojú wọn kiri, n kò rí ojú kan tí mo lè fẹ̀yìn tì.

"Mo dárúkọ yín, mà."

Ariwo sọ. "Ó jẹ́wọ́! Wàláì, ó ti jẹ́wọ́!" Ìbátan ọkọ mi kan pàtẹ́wọ́: "Màmá ṣọ́ọ̀ṣì ti di àjẹ́!"

"Kí lo sọ sí i?" ni Alhaja bèèrè.

"Mo ní kí Ọlọ́run wo orúnkún yín sàn."

Alhaja na ẹsẹ̀ wíwú náà síwájú. "Ẹ bá mi wò ó. Ẹ wo bó ṣe wò ó sàn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. Alhaja fọwọ́ pe bíríkìlà kan tó ti mú wá, tòun ti ṣọ́bìrì rẹ̀. "Gbẹ́ ìdí igi yẹn. Kí gbogbo ilé rí ohun tó rì síbẹ̀."

Ó gbẹ́ ẹ. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Àfi bí ṣọ́bìrì ṣe dún, kọ̀! Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tú erùpẹ̀ kúrò. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo igi lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn mi. Bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n ń wọ́ jáde. N kò mọ ìkòkò náà rí, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún tí yóò gbà á gbọ́. Àdúrà kankan kò wá sí mi lẹ́nu. Mo kàn ń wí nínú ara mi pé, Olúwa, Olúwa, Olúwa.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bàbá ni, lórí àtẹ̀gùn. Ariwo wa ló gbé e dìde. Ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wa sì ń dúró dè é. Ó dé ẹ̀bá ihò náà, ó wo inú rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gbẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Alhaja wí. "Òògùn tí ìyàwó rì mọ́ mi la hú yìí."

"Òògùn? Ìwọ ọmọ yìí. Ìkejì rẹ nìyẹn, ibi ọmọ tó tẹ̀ lé ọ wáyé. Inú ilé yìí ni ìyá rẹ bí ọ sí, èmi ni wọ́n gbé ọkọ́ fún pé kí n rì í. Ọwọ́ mi yìí ló gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀, ká tó gbin igi tì í. Òun lo háyà èèyàn wá fi ṣọ́bìrì hú lójú oòrùn."

Ọwọ́ Alhaja méjèèjì bọ́ sórí. Ní ilẹ̀ wa, ta ló gbọ́dọ̀ hú ìkejì ara rẹ̀? Bàbá yíjú sí mi, ó bi mí léèrè omi náà. Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí.

"Nígbà tí mo wà nílé kéwú," ó ní, "bí a bá fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lójú wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, ààfáà wa kì í jẹ́ ká da omi rẹ̀ sí ojú àgbàrá. Ibi tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́ la máa ń dà á sí. Ohun tí ìyàwó wa ń ṣe kò ṣàjèjì sí mi. Orí ìkejì rẹ ló sì ń dà á sí láti ọjọ́ yìí, Alhaja." Ó wò mí. "Ìyàwó, wọ́n ti fi ọ́ wọ́lẹ̀. Ohun tó o bá ní kí n ṣe, n ó ṣe é."

Gbogbo ilé mọ ohun tí mo lè tọrọ. Bí mo bá ní kí Alhaja kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, yóò kó o. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti ọjọ́ pípẹ́ sì dé ẹnu mi, ó pé, kò sí ìkan tó sọnù nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo gbójú sókè láti sọ ọ́, ojú mi bá bọ́ sórí orúnkún tó wú yẹn. Mo ti gbé orúnkún yẹn síwájú Ọlọ́run pẹ́ débi pé ó ti di tèmi. N kò rí bí mo ṣe fẹ́ ta á nípàá.

Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ bo ìkòkò náà padà.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi wọlé. Kí wọ́n sì ṣí kànga."

Alhaja kò bẹ̀ mí. Ẹ má retí pé n ó sọ pé ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àgádágodo ti kúrò lórí kànga, àpótí sì ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ẹ̀yin tí ìyà ń jẹ níbi tí ẹ wà, n kò sọ fún yín pé ìyà dára. Wáyà tí wọ́n já, kò dára. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi, kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara tù mí, n kò gbàdúrà fún ẹni tí n kò fẹ́ràn rí. Ilé yẹn ni mo ti kọ́ ọ, ní ìdí igi, pẹ̀lú ẹnu kíkorò. Bí ẹ kò bá rí ohun rere púpọ̀ tọrọ fún ẹni tó ń fìyà jẹ yín, ẹ wá orúnkún rẹ̀ rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ kú. Wàláà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ kéwú. Ìyá àgbà ẹgbẹ́ wa tẹ̀ lé e, ipò rẹ̀ kàn mí. Nígbà tí Alhaja lọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ti àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì gbé búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá wá fún mi. Ó ní, "Màmá ní kí n gbé e fún yín, mà. Wọ́n ní abọ́ tẹ́ ẹ fi ń gbé omi lọ sídìí igi ti ń jò." Òun ni mo ń lò títí dòní. Yàrá méjèèjì wà lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ti di nọ́ọ̀sì, orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kànga, n kò mọ ẹni tó jogún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bèèrè.