Ọwọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbà Gbọ́ Mọ́

Wọn ò ṣàdédé máa pè é ní Ẹlẹ́fẹ̀ ní bárékè. Ọkùnrin náà lè pa òkú lẹ́rìn-ín, kò sì ní la ẹnu. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà jẹ́ adití láti kékeré, ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, nítorí náà kí Ẹlẹ́fẹ̀ tó lè pe omi dáadáa lẹ́nu ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tọrọ rẹ̀. Nígbà tó wọṣẹ́ ológun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ ní àmì ọwọ́, ẹ̀rín ló fi wọ́n rín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àmì náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí àwọn sójà bá wà nínú igbó, tí ọ̀tá ò jìnnà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi ọwọ́ sọ ohun tó rí. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́ sókè, kí gbogbo èèyàn dúró sójú kan. Tó bá tẹ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wólẹ̀. Tó bá da àtàǹpàkò kọ ilẹ̀, ọ̀tá ti dé nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé e á ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn òun, títí á fi kan ẹni ìkẹyìn. Ẹ̀mí èèyàn ló wà ní ìka yẹn. Ohun tí Ẹlẹ́fẹ̀ wá ń fi ṣeré nìyẹn, ẹ ò rí nǹkan.

Ilé oúnjẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí Sájẹ́ǹtì wọn bá ń bọ̀, Ẹlẹ́fẹ̀ á da àtàǹpàkò kọ ilẹ̀: ọ̀tá dé. Tí òkúta bá pọ̀ jù nínú ìrẹsì, á di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo wọn ti ń sọ èdè náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Òpó, nítorí gíga rẹ̀, ló mọ̀ ọ́n jù. Àwọn méjèèjì lè jókòó síwájú Sájẹ́ǹtì kí wọ́n máa fi ìka bú u, kí ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà. Sájẹ́ǹtì kìlọ̀ kìlọ̀, ó sú u. Ta ló ń gbọ́? Àwọn alágídí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rán wọn lọ wo odò kan tí wọ́n ní àwọn ọ̀tá pàgọ́ sí òdìkejì rẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ló wà níwájú, Òpó tẹ̀ lé e, Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá wúkọ́ lásán ti pa gbogbo àwọn tó kù. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rù kì í ba sójà. Ó ń bà wọ́n, wọ́n kàn wọ yúnifọ́ọ̀mù lé e ni. Ẹ̀rù yìí ni Ẹlẹ́fẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rín lé lọ. Bó ṣe rí ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà, ó da àtàǹpàkò kọ ilẹ̀. Gbogbo wọn wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ewúrẹ́ wò wọ́n, ó ń jẹnu lọ. Òpó bu apá ara rẹ̀ jẹ kó má baà bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì tó wà lókèèrè ò rí ewúrẹ́ náà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí nǹkan kan fara kan gìgísẹ̀ bàtà Ẹlẹ́fẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú. Ó bojú wẹ̀yìn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló rí, tí wọ́n nà gba àárín ọ̀nà, tí ìdí rẹ̀ wọ abẹ́ ewé gbígbẹ lọ síbi tí nǹkan roboto kan fara pamọ́ sí. Bọ́ǹbù ni. Òun ti kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Kó tó mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ tàbí kóun sunkún, ó rí Òpó tó ń bọ̀ tààrà, wáyà náà sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Òpó rẹ́rìn-ín músẹ́, òun náà di ẹ̀ṣẹ́ sókè, ó ń bọ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú pé kó dúró níbẹ̀. Òpó na tirẹ̀ náà, ó ń mi èjìká bí ẹni ń jó. Ẹlẹ́fẹ̀ nàka sílẹ̀, ó tún nà án, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde. Òpó mi orí, ó ń wá ewúrẹ́ mìíràn kiri nínú koríko. Gbogbo ojú tí Ẹlẹ́fẹ̀ lè ṣe ni Òpó ti rí rí nílé oúnjẹ: ojú ẹkún, ojú ẹni tó fẹ́ kú, ojú ẹni tí ejò bù jẹ. Èwo ló kù tó máa gbà gbọ́?

Kó pariwo ńkọ́? Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ọ̀hún létí odò, ó tilẹ̀ ń gbọ́ bí ìkòkò wọn ṣe ń kan ara. Tó bá pariwo, ìbọn ló máa dáhùn, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn Òpó á bá a lọ. Tí kò bá pariwo, Òpó á tẹ wáyà. Àdúrà gan-an ò wá sí i lọ́kàn. Òpó gbé ẹsẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ẹlẹ́fẹ̀ tọ̀ sára. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní itan rẹ̀ ni, ó gba orúnkún, ó wọnú bàtà. Òpó rí i tí ṣòkòtò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúdú bọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó rọra dá ẹsẹ̀ tó gbé sókè padà síbi tó ti gbé e. Ó wá wo ilẹ̀, ó rí wáyà náà níwájú bàtà rẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di tirẹ̀, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì.

Sájẹ́ǹtì rákò wá. Ó wo wáyà, ó wo ṣòkòtò. Ó fi ọwọ́ ní kí Ẹlẹ́fẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá padà. Ẹsẹ̀ ò gbé. Òpó ló na ọwọ́ gígùn rẹ̀ gba orí wáyà, tó di apá rẹ̀ mú, kó tó lè gbé ẹsẹ̀ kan, kó tún gbé ìkejì, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Wọ́n pẹ̀yìn dà, wọ́n lọ.

Ní bárékè, Ẹlẹ́fẹ̀ ń retí yẹ̀yẹ́. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló tọ̀ sára, òun ìbá fi ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yípo. Yẹ̀yẹ́ ò dé. Òpó, ọ̀lẹ tí kì í fọ ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀, gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn.

"Mo rò pé eré ni," ló sọ. "Ká ní o ò tọ̀ sára ni, ǹ bá ti tẹ wáyà yẹn."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ni Ẹlẹ́fẹ̀ dáhùn, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn sójà tuntun dé, Sájẹ́ǹtì sì kó wọn jọ sábẹ́ igi láti kọ́ wọn ní àmì ọwọ́. Àwọn àtijọ́ jókòó lẹ́yìn. Ó kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ pa itan ara rẹ̀ láti òkè dé orúnkún, ó ní èyí ò sí nínú ìwé, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ni. Bí ẹni tó wà níwájú bá ṣe é, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má bèèrè nǹkan kan.

"Gbogbo ìyókù ni mo ti rí ẹni tó fi ṣeré," ni Sájẹ́ǹtì sọ. "Èyí nìkan ni mi ò tíì rí."

Àwọn tuntun bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fi ọwọ́ pa itan, ó ń yí ojú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín takiti. Òpó ò rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́fẹ̀ wo géńdé náà dáadáa, nítorí géńdé yìí ni wọ́n ní yóò tẹ̀ lé Ẹlẹ́fẹ̀ wọ igbó lọ́la. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé wọn.