Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tó Ṣínu Ṣáájú Wa

Òórùn sípíríìtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú láàbù wa ní Ìlọrin, mo ní láti fi í pa ọwọ́ méjèèjì, yóò sì máa ta mí nímú. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Ràmádáànì, òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́nu géètì yóò gba ojú fèrèsé wọlé, yóò pò mọ́ ti sípíríìtì, inú mi yóò sì máa kùn. Ìwọ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó o tó jápa lọ sókè òkun ò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe dá páropáro lẹ́yìn rẹ. Aṣọ funfun rẹ ṣì wà lórí ìṣó. Ọ̀gá wa náà ti rìnrìn àjò. Ó wá ku èmi àti Bàbá Láàbù, àgbàlagbà tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

O ṣáà mọ ìdí tí mo fi dì mọ́ iṣẹ́ yẹn. Àtọ̀gbẹ ló ń bá ìyá mi fínra. Ínsúlínì inú ara rẹ̀ ń kanlẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n ṣí i fún ṣúgà, wọn ò dá a lóhùn, ṣúgà wá ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìpè náà ti ń sọnù. Àmọ́ kí èèyàn tó lè mọ̀ ọ́n, ó ní láti kọ́kọ́ febi pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí à ń sìn nínú àwo: yóò yọ omi ara ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n ń jẹ kúrò, wọn yóò wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa bí ínsúlínì bá dé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti yó kì í ka ìpè sí.

Nílé wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun, bí ládánì bá ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́ báyìí, abọ́ kì í dúró sójú kan. Kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, ń bọ̀ láti ilé yìí, mọ́ínmọ́ín ń lọ sí tọ̀hún. Èmi? Dàbínù àti omi inú ọ̀rá lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn láàbù, torí iná lè lọ nígbàkigbà, sẹ́ẹ̀lì ò sì gbọdọ̀ tutù. Mo dá wà débi pé mo ti ń kí ẹ̀rọ káàárọ̀. Mo wá bá ara mi sọ ọ́ pé bí tọ̀tẹ̀ yìí ò bá bọ́ sí i, mo máa kó ẹrù mi padà sílé, kí n lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ tó ń ka èsì, a yá a ni. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti wà láìjẹun mọ́jú, ọjọ́ kejì sì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ.

Mo lọ kírun Àìlà lọ́sàn-án. Nígbà tí mo dé, Bàbá Láàbù ń nu ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọmọ mi, ààwẹ̀ ti ń mú ẹ gbàgbé nǹkan. Mo ti bá ẹ bọ́ àwọn ọmọ ẹ. Àwa ni Ọlọ́run pa ààwẹ̀ láṣẹ fún, kò pa á láṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì."

Ìwọ lo kọ́ ọ bí a ṣe ń bọ́ wọn kó o tó lọ. O ò sọ fún un pé a máa ń febi pa wọ́n. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo rí ètè rẹ̀ tí ààwẹ̀ ti mú gbẹ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo yíjú sí ògiri, omijé bọ́.

Mo ṣe àyẹ̀wò náà bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ lọ. Mo da ínsúlínì sí wọn, mo dúró, mo ka èsì. Ìlà tó yẹ kó gòkè lójú ẹ̀rọ nà gbalaja sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé mi sínú àpò.

Bàbá Láàbù yọjú. "Ṣé torí pé mo bọ́ wọn ni?"

"Ebi ló yẹ kó pa wọ́n, Bàbá."

Ó wọlé wá bá mi. Ó ní, "Láti ìgbà tí oṣù ti yọ ni mo ti ń rí ẹ tó ò ń dá ṣínu lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ojú ń tì mí láti pè ẹ́. Mo ní kí n kúkú bá ẹ tọ́jú ohun tó o fẹ́ràn." Ó gbé ike kókó àti àkàrà inú ìwé sókè díẹ̀. "Wá, jẹ́ ká ṣínu."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló kù kí ariwo jẹnẹrétọ̀ bò ó. Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Kókó náà ò dùn, ṣúgà ò kàn án, àmọ́ mo mu ún dé ìdí ike, mo sì sunkún lójú rẹ̀ láìfi pa mọ́. Ó ṣe bí ẹni tí ò rí mi, ó ń na àkàrà sí mi.

Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ wọn lọ láàárọ̀. Èmi ò lọ. Ó pẹ́ ká tó rí òmíràn yá, ó sì pẹ́ kí ìlà náà tó gòkè. Bàbá ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń dáko lọ́nà Oke-Oyi. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá bi mí ìdí tí a fi ń febi pa sẹ́ẹ̀lì, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tébi ń pa ló ń gbọ́ ìpè tó rọlẹ̀. Mi ò tíì sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n fún ẹnì kankan àfi ìwọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ò gbọ́ ìpè lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gbọ́.